Yàrá Tí Ẹ Fi Ta Tẹ́tẹ́ Lórí Ọkọ̀ Tí Kò Ní Dẹ́rẹ́bà

Ìta Fájì,
Ìsàlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́.

Táófíìkì, Àjàní ọmọ mi,

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà rẹ kí n tó sọ ohunkóhun. Mi ò ní béèrè. Mo ti rí i nínú fídíò tí o fi ránṣẹ́ pé ara rẹ le. Ò ń rẹ́rìn-ín, o wọ kóòtù tó nípọn bíi tìmùtìmù, o jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ tí kò sẹ́ni kankan níwájú rẹ̀, sìtíárìn sì ń yí fúnra rẹ̀ bí ẹni pé àlùjànnú ló wà níbẹ̀. Èmi ni ara mi ò le. Orí ti ń fọ́ mi láti ọjọ́ tí Múrí ti wọ yàrá mi pẹ̀lú téèpù tí àwọn kápẹ́ńtà fi ń wọn pákó. O mọ ohun tí mò ń sọ. Bí o bá sì ní o ò mọ̀, jókòó, kí o kà á dópin, torí mi ò ní kọ irú rẹ̀ mọ́.

Mo ti pè ọ́ títí. Ohùn obìnrin kan ló ń dá mi lóhùn, ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì tútù, ó ní kí n fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ta ni kí n fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún? Láti ìgbà wo ni ẹ̀rọ ti di alárinà èmi àti ọmọ tí mo bí? Mo fi ohùn mi ránṣẹ́ lórí wọ́sáàpù, mo sọ̀rọ̀ títí ẹnu fi ń ro mí, o fi àwòrán àtàǹpàkò dá mi lóhùn. Àtàǹpàkò, Táófíìkì! Èmi tí mo pọ̀n ọ́! Ìdí nìyẹn tí mo fi ra bébà, tí mo wọ dígí ojú mi, tí mo jókòó ti tábìlì. Ọmọbìnrin àdúgbò wa tó ń padà síbi iṣẹ́ rẹ̀ ní ìlú yín ń lọ lọ́la, òun ló máa mú lẹ́tà yìí wá fún ọ, pẹ̀lú ẹja gbígbẹ àti ata tí mo lọ̀. Inú ń bí mi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé o ò rí oúnjẹ gidi jẹ níbẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí ó ṣeé ṣe kí Múrí ti rò ó fún ọ lọ́nà tó wù ú. Ọ̀sán ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà Òkè Àrin dé, mo bọ́ bàtà, mo nà sórí ibùsùn bàbá rẹ. Múrí kanlẹ̀kùn, ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi dáadáa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ni, mi ò lè sọ pé wọn ò kọ́ ọ nílé. Mo rò pé léèsì tuntun ló dé sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Balógun, tó fẹ́ kí n wá wò ó. Àfi bó ṣe yọ téèpù lápò, tó kọjá lára mi, tó lọ sídìí fèrèsé, tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n.

"Múrí, kí lò ń wọ̀n?"

"Fèrèsé ni, Màmá. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ amúlétutù máa gba ibẹ̀."

"Ta ló sọ fún ẹ pé ooru ń mú mi?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Kì í ṣe ti ìsinsìnyí, Màmá. Ti ọjọ́ iwájú ni."

"Ọjọ́ iwájú ta ni?"

Ibẹ̀ ló ti tú u sílẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ Iléyá, lẹ́yìn tí ẹ jẹ ẹran yó, ẹ̀yin méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí iṣẹ́ tuntun tí o fẹ́ lọ ṣe, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọkọ̀ bó ṣe máa wa ara rẹ̀. O ní lójú ẹ̀mí yín, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ á máa kó èrò láti Ìdúmọ̀tà dé Òbáléńdé, láìsí ẹnikẹ́ni nídìí sìtíárìn. Múrí ní irọ́ ni. Ó ní tí ọkọ̀ náà bá dé Balógun lọ́jọ́ Sátidé, ibẹ̀ ló máa dúró sí títí di Ọjọ́ Àjíǹde, torí á máa retí kí àwọn èèyàn kúrò lọ́nà, kò sì sẹ́ni tó máa kúrò. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ bọ ara yín lọ́wọ́. O fi yàrá bàbá rẹ sílẹ̀, òun náà fi tirẹ̀ tó wà nítòsí kànga sílẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ṣẹ ló máa kó méjèèjì.

Yàrá bàbá rẹ. Yàrá tí mo jókòó sí tí mò ń kọ lẹ́tà yìí.

Mo ní, "Múrí, ìgbà wo ni tẹ́tẹ́ yìí máa pé?"

"Ọdún mẹ́wàá, Màmá. Ẹ fọkàn balẹ̀. Èmi ni mo ní ká fi sí ọdún márùn-ún. Táófíìkì ló ní rárá, ká sún un síwájú nítorí yín. Ó ní nígbà yẹn..."

Ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Nígbà yẹn, kí ni?"

Ó ń ká téèpù mọ́wọ́, ó ń tú u, ó tún ń ká a.

"Mo ní nígbà yẹn, kí ni, Múrí?"

"Ẹ má bínú, Màmá."

Háà! Àsítàgàfúrúláì! Ṣé o rí ohun tí o ṣe? Lójú tìrẹ, àánú mi lo ṣe. O jókòó pẹ̀lú egungun àgbò lọ́wọ́, o wo ọjọ́ orí mi, o ṣírò ẹ̀, o rí i pé ọdún mẹ́wàá á ti gbé mi lọ, o ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ikú mi lẹ fi ṣe ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yín máa yanjú. Kí n sọ fún ọ báyìí: ẹsẹ̀ ń dùn mí, mo gbà. Ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, mò ń lo oògùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá mi gbó, ìyá tó bí i náà gbó, èmi náà ò sì kánjú lọ síbì kankan. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Múrí. Mo ní kó mú téèpù rẹ̀ kó jáde, kí n tó fi sálúbàtà bá a sọ̀rọ̀.

Ó dáa. Mo ti pariwo. Kí n wá sọ̀rọ̀ bí ìyá ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ nígbà tó bá lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú tó jìnnà. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ kí o tó lọ, ṣùgbọ́n ẹrù dídì àti ariwo ọkọ̀ òfuurufú ò jẹ́. Màá tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí ònkà bá dàrú mọ́ mi lọ́wọ́, fara mọ́ ọn.

Àkọ́kọ́. Má ṣe fi ohun tí ẹlòmíràn ń gbé inú rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Mi ò tíì sọ ti ẹ̀sìn o. O mọ̀ pé èèwọ̀ ni, bàbá rẹ ò gbà kí ẹ fi bọ́tìnnì àwọ̀tẹ́lẹ̀ pàápàá ta á nígbà tí ẹ wà ní kékeré. Ìwọ àti Ọlọ́run rẹ lẹ máa yanjú ìyẹn. Ti ilé ni mò ń sọ. Ilé ẹbí ni ilé yìí. Bàbá bàbá rẹ ló kọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó ni yàrá kankan nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ ló ń gbébẹ̀, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ń bọ̀. Èmi tí mo fẹ́ ọkọ síbí, mi ò ní ẹ̀tọ́ kankan níbẹ̀ lọ́tọ̀ ara mi. Nígbà tí bàbá rẹ kú, tí mo jókòó opó tán, kò sẹ́ni tó lè ní kí n kó ẹrù mi, torí pé mo bí ọ fún un. Ìwọ nìkan ni mo bí fún un. Àyè rẹ ni mo wà. Tí o bá yọwọ́ ńbẹ̀, èmi náà ti jáde nìyẹn. O mọ èyí. Ojú rẹ ni wọ́n ṣe sọ fún ìyàwó bàbá Múrí pé kó kó ẹrù rẹ̀ jáde, torí pé kò bímọ. Obìnrin tó tọ́ Múrí dàgbà, ilé àbúrò rẹ̀ ló kú sí. O sunkún lọ́jọ́ náà, o ní ìwà ìkà ni. Ìwọ yẹn kan náà ló wá gbé àyè mi lé Múrí lọ́wọ́, bí ẹni ń fún un lẹ́ran Iléyá. Ǹjẹ́ o rò ó? O ò rò ó. Ẹnjiníà ńlá!

Èmi náà ti sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ iwájú rí, mo sì kùnà. Nígbà tí omi inú ọ̀rá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí mi ò tíì pẹ́ nídìí ọjà, ọkùnrin kan gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní kí n máa gbà á fún gbogbo ìlà wa. Mo rẹ́rìn-ín débi tí mo fi jókòó sórí páálí mílíìkì. Mo ní ta ló máa ra omi? Omi! Nígbà tí kànga wà lẹ́yìnkùlé gbogbo èèyàn! Mo sọ níwájú gbogbo ọjà pé bí omi ọ̀rá bá fi lè tà ní Òkè Àrin, kí wọ́n máa pè mí ní Ìyá Olómi. Obìnrin tó wà ní òdìkejì mi gbà á. Ìwọ náà mọ bó ṣe parí. Títí dòní, bí mo bá ti yọ sí ìlà wa, àwọn alágbàárù á figbe ta: "Ìyá Olómi, ẹ kú ọjà o!" Màá sì dá wọn lóhùn, kí ni mo tún fẹ́ ṣe? Ẹnu mi ló kó mi síbẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ mi ni mo fi sílẹ̀, orúkọ mi náà ni wọ́n gbà. Kò sẹ́ni tó wá ibi sùn tì nítorí pé mi ò mọ bí ayé ṣe máa yí. Tí o bá fẹ́ bá èèyàn jiyàn lórí ohun tó ń bọ̀, fi orúkọ rẹ sílẹ̀. Fi irùngbọ̀n rẹ sílẹ̀, sọ pé wàá fá a, kí gbogbo wa wá wò ọ́ kí a rẹ́rìn-ín.

Ìkejì. Má lọ máa sọ fún àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ pé ojú ìyá rẹ ò là, òun ló ṣe ń bínú sí ọkọ̀. Mi ò bá ọkọ̀ jà. Mo ti wọ ohun tí kò ní awakọ̀ kí wọ́n tó bí ọ.

Nígbà tí mo wà lọ́mọge, ìyá mi ń ta aṣọ, èmi ni mo máa ń gbé e lọ fún àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé gíga kan ní Marínà. Lífìtì wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan máa ń jókòó sínú rẹ̀ lórí àpótí, ó dé fìlà, iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó máa tẹ bọ́tìnnì fún àwọn tó bá wọlé. Á ní, "Àǹtí aláṣọ, òkè wo lónìí?" Ọkàn mi á balẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo débẹ̀, ọkùnrin náà ò sí, àpótí rẹ̀ ò sí. Ilẹ̀kùn lífìtì ṣí fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni nínú rẹ̀, ó tún pa dé. Mo gbé ẹrù mi, mo fẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn títí tí mi ò fi lè mí. Báyìí ni mo ṣe ń ṣe fún ìgbà pípẹ́. Àwọn obìnrin ọ́fíìsì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ń bẹ̀rù àpótí. Wọ́n jàre. Ẹ̀rù asán ni, mo sì fi ba orúnkún mi jẹ́.

Ọjọ́ tí mo fi agídí wọ̀ ọ́ ni iná lọ. Èmi nìkan, mo há sáàárín òkè méjì, òkùnkùn ṣú biribiri, ẹrù aṣọ wà lórí mi. Mo pe gbogbo orúkọ Ọlọ́run tí wọ́n kọ́ mi nílé kéwú. Mo fọwọ́ tá ògiri, ọwọ́ mi ba bọ́tìnnì kan tó tóbi ju àwọn yòókù lọ, mo tẹ̀ ẹ́. Agogo dún níbì kan nísàlẹ̀. Kò pẹ́, ohùn kan dáhùn látinú ògiri: "Mo ń gbọ́ o. Ẹ má bẹ̀rù. Ta ló wà níbẹ̀?"

Mo dá ohùn náà mọ̀. Ọkùnrin onífìlà ni. Wọn ò lé e lọ, ìsàlẹ̀ ni wọ́n gbé e lọ, sídìí agogo. Mo ní, "Èmi ni o, aláṣọ." Ó ní, "Háà, àǹtí mi! Ẹ sọ ẹrù yẹn kalẹ̀, ẹ jókòó lé e." Ó ń bá mi tàkúrọ̀sọ títí wọ́n fi fi ọwọ́ yí lífìtì náà sọ̀kalẹ̀. Láti ọjọ́ náà mi ò gun àtẹ̀gùn ilé yẹn mọ́. Lífìtì náà ò yí padà, bó ṣe wà náà ló wà. Èmi ni mo ti mọ̀ pé ẹnìkan wà nísàlẹ̀ tó ń gbọ́ agogo.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí o máa bi àwọn ọ̀gá rẹ nìyí. Bí ọkọ̀ yín bá dúró sórí afárá pẹ̀lú aláboyún nínú rẹ̀, kí ló máa tẹ̀, ta ló sì máa dá a lóhùn? Ṣé èèyàn ni, àbí obìnrin tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì tútù yẹn? Bí wọ́n bá ní òun ni, sọ fún wọn pé ìyá rẹ mọ̀ ọ́n. Sọ fún wọn pé ìyá rẹ ti sọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ fún obìnrin yẹn, kò sì jíṣẹ́ kankan.

Ìkẹta, èyí sì ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù. O wo yàrá yìí, o rí ògiri mẹ́rin, o rí fèrèsé tó kọjú sí ọ̀nà. O ò rí mi. Èmi tí mo bí ọ sórí ẹní níbí, o ò rí mi nínú rẹ̀! Ṣé wàá wá rí àlejò tí o ò mọ̀ rí, tó máa wọ ọkọ̀ tí ẹ kọ́? Mò ń bínú, mi ò purọ́, ṣùgbọ́n tí ìbínú bá lọ sílẹ̀ díẹ̀, ẹ̀rù yìí ni mo máa ń bá nídìí rẹ̀. Nígbà tí o ń lọ, o sọ fún mi pé ẹ̀rọ sàn ju dẹ́rẹ́bà lọ, pé ẹ̀rọ kì í mutí, kì í tòògbé, kì í bínú. Mo gbọ́. Mo tiẹ̀ rò pé òótọ́ ni. Dẹ́rẹ́bà tó mutí ti gbá èèyàn tí mo fẹ́ràn rí, mi ò ní gbèjà wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí kì í bínú yẹn ò lè kọ irú lẹ́tà yìí sí ọ. Ìyá rẹ ló lè kọ ọ́.

Bí wọ́n bá gbé ìwé síwájú rẹ pé kí o fọwọ́ sí i, pé ọkọ̀ náà ti dára, kó lè bọ́ sí títì, kọ́kọ́ wo ìjókòó ẹ̀yìn. Gbé mi sí i. Gbé mi sí i pẹ̀lú orúnkún mi àti báàgì mi àti ìbínú mi. Bí ọkàn rẹ bá balẹ̀, fọwọ́ sí i. Bí kò bá balẹ̀, má fọwọ́ sí i, ì báà jẹ́ pé ọ̀gá ń pariwo, ì báà jẹ́ pé gbogbo àwọn yòókù ti fọwọ́ sí i tán. Bí wọ́n bá lé ọ, wá sílé. Iṣẹ́ wà, a jọ máa wá a.

Ìkẹrin tàbí ìkarùn-ún, mi ò mọ̀ mọ́. Bàbá rẹ kì í dá sí ọ̀rọ̀ ohun ìní lọ́jọ́ ọdún. Ẹni yòówù tó bá bá a sọ ọ́, á ní, "Ẹ jẹ́ kí ẹran tí mo jẹ dà ná." Ìwọ àti Múrí ló máa ń sín in jẹ jù, ẹ̀ẹ́ fọwọ́ pa ikùn bíi tirẹ̀, ẹ̀ẹ́ máa rẹ́rìn-ín. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé mi ìdí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Inú máa ń dùn jù lọ́jọ́ ọdún, ẹnu sì máa ń yá. Fi ìyẹn sọ́kàn níbi iṣẹ́ rẹ náà. Bí ẹ bá ṣe àṣeyọrí, tí gbogbo yín ń pàtẹ́wọ́, má ṣèlérí kankan lọ́jọ́ náà.

Kírun. Wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì. Ẹja yẹn, jọ̀ọ́, má sè é ní ọ́fíìsì, mo ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àwọn ọmọ wa nítorí òórùn. Ọmọbìnrin tó máa mú ẹrù wá kò tíì lọ́kọ. Mi ò sọ nǹkan kan o.

Wàyí o, ohun tó kù ló ṣe pàtàkì jù. Nígbà tí Múrí jáde, mo wé gèlè, mo gun òkè lọ bá Bàbá Dáwódù. O mọ̀ pé òun ni àkọ́bí ọkùnrin tó kù nínú àwọn ọmọ ilé yìí, ohun tó bá sọ lórí yàrá ni abẹ gé. Mo kúnlẹ̀, mo rò ó fún un. Ó ní kí wọ́n pe Múrí wá.

"Múrí, ta ló ni yàrá tí o fi ta tẹ́tẹ́?"

"Tèmi ni, Bàbá. Ti ẹ̀gbẹ́ kànga."

"Tìẹ kẹ̀? Ìwọ lo kọ́ ọ? Mélòó ni búlọ́ọ̀kù tí o rù?"

Múrí wolẹ̀. Ojú ti èmi pàápàá fún un. Bàbá ní tẹ́tẹ́ náà ò sí, pé òun ti fọ́ ọ, pé kò sí ọmọ kankan tó máa jẹ yàrá nínú ilé yìí bí ẹni jẹ ayò. Mo ti ń dúpẹ́, mo ti ń gbára lé ọwọ́ láti dìde, nígbà tó kọjú sí mi.

Ó ní, "Ìyàwó wa, jókòó. Ó ku ibì kan. Ẹni tó lè fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ báyẹn ti sọ fún wa pé òun ò fẹ́ ẹ mọ́. Àwọn ọmọ ilé wà níta tí wọ́n ń háyà ilé, wọ́n ti ń béèrè yàrá lọ́wọ́ mi látọjọ́ tó ti rìnrìn àjò. Tí mo bá ní rárá, kí ni kí n sọ fún wọn?"

Mo ní, "Bàbá, ọmọ yín ni. Eré ló ń ṣe."

Ó ní, "Kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé eré ni. Kó sọ níwájú gbogbo ẹbí pé òun ṣì wà nínú ilé yìí, pé ìyá òun ni òun fi sí àyè òun. Mi ò fẹ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Mi ò fẹ́ àtàǹpàkò. A máa pè é níbi ìpàdé. Bó bá gbé e, ó tán. Bí kò bá gbé e, màá mọ ohun tí màá ṣe."

Ṣé ó yé ọ? Mi ò bẹ Bàbá Dáwódù ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí kò ṣì í sọ. Àwọn tó ń háyà ilé yẹn, ọmọ bàbá wọn ni wọ́n, ẹ̀tọ́ wọn ni. Mo sọ̀kalẹ̀, mo wọ yàrá, mo jókòó sórí ibùsùn. Mo wo kọ́ńbọ́ọ̀dù tí bàbá rẹ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn, tí kò dọ́gba, tí o máa ń sá sínú rẹ̀ bí mo bá fẹ́ nà ọ́. Mo ronú ibi tí màá gbé e lọ. Kò sí. Mo sunkún, Àjàní. Mi ò fẹ́ kọ ọ́ síbí, ṣùgbọ́n mo sunkún.

Múrí wá bẹ̀ mí lọ́jọ́ kejì. Mo ti dárí jì í, ó ní òun ló máa gbé fóònù tí wọ́n máa fi pè ọ́ sórí tábìlì fúnra òun. Ìwọ ni mi ò tíì dárí jì. Ìyẹn dọwọ́ rẹ.

Kí n sì sọ ohun kan tí ó máa yà ọ́ lẹ́nu. Mo tún wo fídíò rẹ lánàá. Mo wò ó dáadáa, bí ọkọ̀ náà ṣe dúró fún ọmọ kékeré kan tó sáré sọdá, tó dúró jẹ́ẹ́ tí kò fun fèrè. Mo rò pé ìwọ ni ọ̀rọ̀ rẹ máa ṣẹ. Má sọ fún Múrí. Bó bá dọjọ́ tí ọkọ̀ yín dé Ìdúmọ̀tà, èmi ni màá kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Léèsì ni màá wọ̀. Iwájú ni màá jókòó sí, níbi tí dẹ́rẹ́bà ì bá wà, màá sì máa juwọ́ sí gbogbo Balógun. Iye ọdún tí màá ti jẹ́ nígbà náà, má ṣírò ẹ̀ fún mi mọ́. Ṣùgbọ́n inú yàrá yìí ni màá ti wọṣọ jáde, inú yàrá yìí náà ni kí ọkọ̀ yín dá mi padà sí.

Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí ni ìpàdé, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, aago tiwa. Ọmọbìnrin náà ní lẹ́tà yìí á ti dé ọwọ́ rẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Fóònù máa wà láàárín tábìlì, gbogbo wọn á máa wò ó, èmi náà á jókòó létí ilẹ̀kùn, màá máa wò ó.

Mo ti há, Táófíìkì. Mo sì ti tẹ agogo. Má jẹ́ kí obìnrin yẹn ló máa dá mi lóhùn.

Èmi ni ìyá rẹ,
tí mo ṣì wà láyé,
Ìyá Olómi, Òkè Àrin.